Mo ti yí .env padà, kí ló dé tí Laravel ò gbọ́?

Ẹ kú ìjókòó o. Láti Tanke níbí, ní Ìlọrin, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Iná wà, ẹ jẹ́ ká tètè ṣe é.

Ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà mi. Ìkànnì Àlàájà kan tó ń ta aṣọ òfì nìyí, Laravel, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ìkànnì ní èdè PHP, ni mo fi kọ ọ́. Nígbà tí mo ṣì ń kọ ọ́ lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ ìdánwò ni mo fi so ó mọ́ iléeṣẹ́ tó ń bá wa gba owó. Nígbà tó ku ọ̀la ká ṣí ìsọ̀, mo wọ inú sáfà, kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà ń gbé, mo ṣí fáìlì .env tí ètò rẹ̀ wà, mo yọ ti ìdánwò, mo fi ojúlówó rọ́pò rẹ̀. Mo bá lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, fóònù dún: "Ọmọ mi, káàdì ẹnì kankan ò wọlé o!"

Mo ṣí .env, ojúlówó kọ́kọ́rọ́ ló wà níbẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ti ahunṣọ rí, ẹ mọ̀ pé ó máa ń ta òwú gígùn sílẹ̀ níwájú rẹ̀, á gbé òkúta lé ìdí rẹ̀ kó lè le. Òwú yẹn, tó bá ti wà nílẹ̀, kò ṣeé pààrọ̀ àfi kéèyàn tún un ta. Àmọ́ èyí tó ń sọ láti ọ̀tún sí òsì, ìgbà tó bá wù ú ló lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ohun tó wà nínú Laravel náà nìyẹn.

Inú .env la máa ń kọ ohun tó bá yàtọ̀ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn sí: páásíwọ̀ọ̀dù dátábéèsì, kọ́kọ́rọ́ owó, APP_DEBUG tó ń sọ bóyá kí àlàyé àṣìṣe hàn. Kì í wọ Git, ibi tí a ń tọ́jú kóòdù sí, o; .env.example la máa ń gbé lọ síbẹ̀, orúkọ nìkan, láìsí àṣírí kankan nínú rẹ̀. Àwọn fáìlì inú fódà config ló ń fi env() ka .env. Lẹ́yìn náà, níbi yòówù tí ẹ bá ti nílò rẹ̀, config('services.owo.key') lẹ máa pè.

Tí ẹ bá wá tẹ php artisan config:cache lórí sáfà, Laravel á kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú fáìlì kan ṣoṣo, bootstrap/cache/config.php. Ìkànnì á túbọ̀ yá. Láti ìgbà yẹn lọ, kò ní ṣí .env mọ́ rárá. Òwú gígùn ti wà nílẹ̀. Èmi ti tẹ config:cache tẹ́lẹ̀, mo wá yí .env padà, mi ò tún òwú ta. Mo tún config:cache tẹ̀, owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Èyí tó burú jù lójú mi kì í tiẹ̀ pariwo. Ẹni tó bá pe env() tààrà nínú controller, kóòdù tó ń dá oníbàárà lóhùn, á ṣiṣẹ́ dáadáa lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń tẹ config:cache níbẹ̀. Ó dé orí sáfà, null, ìyẹn òfìfo, ló máa bá. Torí náà, env() kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú fódà config. Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi jiyàn lórí èyí.

Àwọn queue worker, tó ń ṣe iṣẹ́ tó tò sílẹ̀ lẹ́yìn ìkànnì, náà ńkọ́? Wọn kì í sùn, ohun tí wọ́n kà nígbà tí wọ́n jí ni wọ́n ń lò lọ. Ẹ tẹ php artisan queue:restart.

Ó ku òwú tó ń sọ lọ sọ bọ̀. config(['iso.edinwo' => 10]) lè yí nǹkan padà bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, àmọ́ fún ìbéèrè ẹyọ kan tí oníbàárà fi ránṣẹ́ sí ìkànnì nígbà yẹn ni. Oníbàárà tó bá tẹ̀ lé e, ti àtijọ́ ló máa bá. Àlàájà máa ń ti ìsọ̀ nígbà ìrun Jímọ̀, ó sì máa ń yí iye aṣọ padà bó ṣe wù ú. Inú dátábéèsì ni mo fi ìwọ̀nyẹn sí. Ṣé kó máa pè mí ní gbogbo Jímọ̀ pé kí n wá ṣí .env ni?

Ẹ tún wo timezone, ètò aago, nínú config/app.php. UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ló máa ń wà níbẹ̀, àwa sì fi wákàtí 1 ṣíwájú rẹ̀. Ẹni tó bá ra aṣọ ní aago 12:30 òru, ọjọ́ àná ni wọ́n máa kọ ọ́ sí. Africa/Lagos ni kí ẹ fi síbẹ̀. Ẹ má wá Africa/Ilorin kiri o, mo ti wá a.

Tí ẹ ò bá mọ ipò tí sáfà yín wà, ẹ tẹ php artisan about. Ẹ wo ibi tó kọ Config sí lábẹ́ Cache. Tó bá kọ CACHED, ẹ má wulẹ̀ máa tún .env ṣe kí ẹ máa dúró de iṣẹ́ ìyanu. Ẹ tẹ config:cache, kí queue:restart sì tẹ̀ lé e.