Ẹ Kú Ìjókòó: Ìrìn-àjò Akẹ́kọ̀ọ́ Kan Lẹ́yìn Búdà

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra àtilọ kàwé lókè òkun. Mo tún un kọ fún ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀.)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ má rò pé ìkíni lásán nìyẹn, orí ìjókòó gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ọkùnrin tí mo tìtorí rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Delhi lóṣù Kìíní ọdún 2018, ìjókòó ló sọ ọ́ di ẹni tí ayé ń wárí fún. Èmi ní tèmi, eré ni mò ń sá kiri lẹ́yìn rẹ̀.

Siddhartha Gautama lorúkọ rẹ̀, ọmọ ààfin ni. Àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ ń sọ ọ́ pé ẹni ọdún 29 ni nígbà tó fi ìyàwó, ọmọ àti ọrọ̀ sílẹ̀, tó lọ wádìí ohun tó ń jẹ ọmọ aráyé níyà. Ó febi pa ara rẹ̀ títí ó fi ku egungun, kò rí ìdáhùn. Ẹni ọdún 35 ni nígbà tó jókòó sábẹ́ igi kan ní Bodh Gaya tí ojú rẹ̀ là, ni wọ́n bá ń pè é ní Búdà, ẹni tó jí. Wọ́n ní kó tó kú, ó dárúkọ ibi mẹ́rin tó yẹ kí àwọn ọmọlẹ́yìn òun máa ṣàbẹ̀wò sí: Lumbini tí wọ́n bí i sí, Bodh Gaya, Sarnath tó ti kọ́kọ́ wàásù, àti Kushinagar tó kú sí lẹ́ni 80 ọdún. Ọjọ́ méje ni mo yà sọ́tọ̀ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Íńdíà, ẹ rọra rẹ́rìn-ín.

Kùrukùru ló kọ́kọ́ dá mi lẹ́kun. Tó bá ti di Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kìíní, kùrukùru á bo àríwá Íńdíà débi pé ọkọ̀ ojú irin á máa wọ́ bí ìgbín. Èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi méjì, ọmọ Íńdíà, àárọ̀ ló yẹ ká dé Gaya, alẹ́ la dé. Àwọn èrò inú ọkọ̀ ń mu tíì oníwàrà, wọ́n ń sùn, wọ́n ń ta káàdì. Èmi nìkan ni mò ń wo aago. Láti Gaya, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá rin nǹkan bí kìlómítà 15. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, Márúwá ni mo wí. Bajaj tí ẹ ń wọ̀ n'Ìbàdàn, Íńdíà nilé rẹ̀.

Tẹ́ḿpìlì Mahabodhi, ilé ìsìn tó wà lẹ́bàá igi náà ní Bodh Gaya, ga tó mítà 55. Ashoka, ọba Íńdíà láyé àtijọ́, ló kọ́kọ́ kọ́ ilé ìsìn síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù. Láti ìgbà tí bọ́ǹbù ti dún nínú ọgbà náà lóṣù Keje ọdún 2013, fóònù kì í wọlé, ẹnu ọ̀nà lẹ ó ti fi í pamọ́. Inú bí mi, torí fọ́tò ni mo bá lọ, kí n má purọ́.

Igi yẹn ńkọ́? Ẹbí ọ̀dán wa ni. Ẹ̀yin tí ọ̀dán wà lójú ọjà ìlú yín, ẹ mọ irú òjìji tí mò ń wí. Kì í ṣe igi tí Búdà jókòó sábẹ́ rẹ̀ gan-an ló wà níbẹ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n bá níbẹ̀ wó ní 1876, Alexander Cunningham, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń wú ohun àtijọ́ kiri Íńdíà, ló sì gbin ti ìsinsìnyí ní 1881. Ṣùgbọ́n ní Anuradhapura, ní Sri Lanka, wọ́n ní ẹ̀ka igi àkọ́kọ́ tí Sanghamitta, ọmọbìnrin Ashoka, gbé lọ síbẹ̀ ṣì ń rúwé.

Kò sẹ́ni tó ń já ewé igi náà. Wọ́n ń jókòó dúró dè é ni. Mo rí ìyá arúgbó kan tó wọ funfun. Ewé kan já bọ́, bí èèyàn mẹ́fà dìde, ọwọ́ ìyá náà ló tẹ̀ ẹ́. Ó fi kan iwájú orí, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé àdúrà rẹ̀. Mo jókòó fún wákàtí kan gbáko, n ò rí ewé kankan.

Àwọn ará Tibet ló yà mí lẹ́nu jù. Pákó gbọọrọ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Wọ́n á pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ sókè orí, sí ọ̀fun, sí àyà, wọ́n á sì nà gbalaja, wọ́n á dìde, wọ́n á tún nà. Àwọn mìíràn ń kà á títí yóò fi pé 100,000. Ẹni tó bá rìn jìnnà ló ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi ọmọ Yorùbá tí mo rò pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi ní ìdọ̀bálẹ̀! Bàbá kan fi pákó rẹ̀ lọ̀ mí. Mo ṣe mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, orúnkún bẹ̀ mí. Ìdọ̀bálẹ̀ tiwa, àgbà la ń ṣe é fún, àgbà náà á sì ní kí o dìde. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ní kí o dìde.

Nígbà tí mo jáde, bàtà mi ti bá ẹlòmíràn lọ. Sílípáàsì rọ́bà kan tó kéré sí mi ló fi sílẹ̀ dípò. Mo wọ̀ ọ́ nínú òtútù yẹn, gìgísẹ̀ mi ń wọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ẹ̀sìn. Òfin ọdún 1949 fi àbójútó tẹ́ḿpìlì náà sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kan: ẹlẹ́sìn Hindu mẹ́rin, ẹlẹ́sìn Búdà mẹ́rin, olórí ìjọba àgbègbè ní alága. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Búdà kò fara mọ́ ọn títí di òní, èmi náà ò sì dá wọn lẹ́bi.

Ní Sarnath, ẹ̀bá Varanasi, mo sáré lọ sí mùsíọ́ọ̀mù láti wo orí òpó òkúta tí Ashoka gbé nàró, kìnnìún mẹ́rin tó kọ̀yìn síra wọn, tó di àmì orílẹ̀-èdè Íńdíà ní 1950. Ọjọ́ Ẹtì ni. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ra tíì níta, mo fa rúpìì yọ láti sanwó, àṣé àwọn kìnnìún náà ti wà lára owó nínú àpò mi látàárọ̀. Kushinagar kò gbà wá lákòókò: ère Búdà tó gùn ní mítà 6 fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, aṣọ bò ó dé ọrùn, gbogbo wa sì ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà nílé aláìsàn.

Ó wá ku Lumbini, tó wà ní Nepal. Ní Sunauli, lẹ́nu ibodè, káàdì ìdìbò ni àwọn ọ̀rẹ́ mi fi kọjá. Aṣọ́bodè kan ní ìhà Íńdíà yẹ ìwé ìrìnnà mi wò, ó mirí. Ọmọ orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló ń gba físà Nepal lójú ibodè. Ọmọ Nàìjíríà kò sí nínú wọn, ilé aṣojú wọn la gbọ́dọ̀ ti gbà á ká tó gbéra. Ó ní kí n má jẹ́ kí òun lu òǹtẹ̀ ìjáde, kí n má baà há sáàárín méjì. Ẹ̀bi tèmi ni, n ò bi ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n bí Búdà sí kò ju ìrìn ọkọ̀ wákàtí kan lọ mọ́.

Mo jókòó lórí báàgì mi níwájú ìsọ̀ oníṣòwò tíì kan, láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Ọkọ̀ ẹrù ń kọjá, màlúù ń kọjá, àwọn ìyàwó Nepal ń ru ẹrù wá ra ọjà. Kò sí aago tí mo lè wò fún ohunkóhun. Tíì mẹ́fà ni mo mu.

Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi dé, wọ́n fi fọ́tò òpó Ashoka tí wọ́n hú jáde ní 1896 hàn mí, àti igi ńlá tó wà létí adágún. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mú ewé bọ̀ fún mi. Wọ́n ní àwọn dúró títí, ewé kankan ò já bọ́, bọ́ọ̀sì sì ti fẹ́ gbéra.