Ohùn Ló Ń Gbé Ẹ̀fẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwo Orin Àkọ́kọ́ Adékúnlé Gold

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ orin sọ ní Yábàá nìyí. Mo yọ ibi tí wọ́n ti mú iná lọ kúrò, mo sì fi ìbéèrè kan kún un.

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin àgbà tó wà níwájú, mo júbà. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn tí ẹ ki nǹkan bọ etí méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ̀kan fún mi.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwo orin àkọ́kọ́ olórin aláwàdà kan. Mo mú Gold, èyí tí Adékúnlé Gold gbé jáde ní oṣù Keje ọdún 2016 lábẹ́ YBNL, ilé iṣẹ́ orin Olamide ọmọ Bàrígà. Ọmọ ìdílé Kòsọ́kọ́ ní Èkó ni olórin náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìyẹn ni mo fi mú un. Ohun tó wù mí ni pé ó ti ń pa wá lẹ́rìn-ín kí orin rẹ̀ tó dé etí wa. Iṣẹ́ ọnà lórí kọ̀ǹpútà ló ń ṣe nígbà náà. Ó fi ara rẹ̀ sínú fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tiwa Savage, ọ̀rọ̀ náà gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, wọ́n bá sọ ọ́ ní ọba Photoshop. Gbogbo ẹni tó rí fọ́tò yẹn mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n sì gbádùn irọ́ náà. Ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn ti mọ ìdajì iṣẹ́ akọrin aláwàdà.

Ẹ wo Sade, orin tó kọ́kọ́ gbé e jáde. Story of My Life tí àwọn ọmọ Ìlú Ọba tí wọ́n ń jẹ́ One Direction kọ ló mú, ó wá jókòó sínú rẹ̀, ó ń pe Ṣadé. Ó tún ti wọ inú fọ́tò ẹlòmíràn nìyẹn!

Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà níbẹ̀. Bí orin bá ti ní ohùn tirẹ̀ kí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá a, ọ̀rọ̀ ló máa tẹríba. Ìyà yìí kì í ṣe tuntun l'Ékòó. Nígbà tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìyìn, ohùn Òyìnbó ni wọ́n ṣì fi ń kọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè, dùùrù ń sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń yin Olúwa tọkàntọkàn á wá máa sọ ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá. Ekundayo Phillips, tó wà nídìí dùùrù Kàtídírà Church of Christ ní Marina láti 1914 títí di 1962, dìídì wá orin tí ohùn rẹ̀ máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Kí tirẹ̀ tó jáde, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ti gba irú orin bẹ́ẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ohun tí àwọn ẹni ọ̀wọ̀ yìí ń sá fún gan-an ni aláwàdà fi ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín. Èmi ni mo hun èyí fún àlàyé, ẹ má bá mi gbé e lọ sí sítúdíò o. Obìnrin kan dúró ní Òjúẹlẹ́gbà ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó ń kọ ọ́ pé:

Ọkọ mi ò tètè dé o.

Ohùn náà tẹ́ pẹrẹsẹ lórí "ọkọ mi". Ó bọ́ sí ẹsẹ kejì:

Ó gbé obìnrin mẹ́ta kọjá níwájú mi.

Gbogbo wa ti ń káàánú rẹ̀. Àwọn ìyá kan ti ń gbé ọkọ náà ṣépè. Ẹsẹ kẹta dé, gìtá ń lọ bó ṣe ń lọ, ìlù ò yí padà, ohùn kan ṣoṣo ló já sílẹ̀:

Ọkọ̀ mi dé o!

Kọ́ndọ́ sì fèsì lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Yábàá! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!"

Dánfó ló ń dúró dè látàárọ̀. Tó bá jẹ́ pé ohùn yẹn ti já sílẹ̀ láti ẹsẹ àkọ́kọ́, a ti mọ̀ pé ọkọ̀ ni, kò sí ẹ̀rín mọ́. Tó bá sì jẹ́ pé kò já rárá, obìnrin náà á wà pẹ̀lú ọkọ oníṣekúṣe títí orin á fi parí.

Irú ẹ̀fẹ̀ báyìí ń fẹ́ sùúrù, àkókò ló sì wọ́n jù lọ́wọ́ olórin. Nígbà tí Túndé King ọmọ Olówógbowó ń gba orin jùjú sínú àwo ní àwọn ọdún 1930, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ojú àwo kan ń gbà. Kòkòrò, akọrin afọ́jú tó ń lu sámbà káàkiri ìgboro Èkó, kò tilẹ̀ ní tó ìyẹn. Kí ẹni tó ń kọjá tó kọjá tán, kó ti rẹ́rìn-ín, kó sì ti fọwọ́ bàpò. Àwo ńlá dé lẹ́yìn náà, ojú kan ń gbà tó ogún ìṣẹ́jú, àwọn onijùjú wá rí àyè fẹsẹ̀ nà, wọ́n sì ń fi kì ẹni tó náwó. (Àwàdà dínkù díẹ̀ níbẹ̀, lójú tèmi. Ẹni tó ń retí owó kì í fi olówó ṣe yẹ̀yẹ́.) Lónìí, tí èèyàn ò bá tíì gbọ́ orin yín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá lórí Spotify, wọn ò ní kà á sí gbígbọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo yín fi ń ti ègbè síwájú. Obìnrin Òjúẹlẹ́gbà wa ò ní tíì dé ẹsẹ kejì!

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú Gold ni pé gìtá rẹ̀ kì í lé ọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ Orente, orin kan nínú àwo náà. Ọkùnrin inú rẹ̀ kì í ṣe olówó, obìnrin gbà á bó ṣe wà, ó wá ń fi ìyẹn yangàn. Nígbà tí orin ìgboro kún fún mọ́tò àti ọtí olówó ńlá, kí ọkùnrin dúró ní gbangba kó máa fi àìlówó ṣe fáàrí, ẹ̀fẹ̀ ni, kò dẹ̀ rẹ́rìn-ín rárá tó fi ń sọ ọ́. Fatai Rolling Dollar, àgbà olórin Èkó, gba òdìkejì ọ̀nà yẹn: bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún padà sí ìgboro, ó ń kọ ọ́ lórin pé wọ́n kéré sí nọ́ńbà àwọn. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Ibi tí Gold ti rọ̀ létí mi ni ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba orin lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, orin náà dùn, ṣùgbọ́n a kò fura sí nǹkan kan mọ́. Ohun tó sọ náà ló ní lọ́kàn.

Ọmọbìnrin kan béèrè ìbéèrè tó dára. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò lówó tí mo máa fi gba onígìtá. Bíìtì tí mo wà jáde lórí fóònù ni mo ní. Kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò, bíìtì kọ́ ni ọ̀tá ẹ. Àṣà kí á máa kùn "lá-lá-lá" lórí ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé ló ń bà á jẹ́. Kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, bí ìgbà tó o bá ń ròyìn fún ìyá ẹ, kó o gbà á sílẹ̀ sórí fóònù. Gbọ́ ibi tó ti gòkè àti ibi tó ti wálẹ̀. Ìlù àti béèsì nìkan ni kó o jẹ́ kó máa lọ lábẹ́ ẹ̀, pa dùùrù inú bíìtì yẹn, torí òun ló máa fẹ́ fa ohùn ẹ lọ. Ibi tí àwàdà bá wà, má jẹ́ kí wọ́n fi autotune, ẹ̀rọ tó ń tún ohùn akọrin tò, kàn án. Bí ẹni tó ń gba ohùn bá ní ó dà bíi pé o ṣìnà níbẹ̀, sọ fún un pé o mọ̀ọ́mọ̀ ni, má sì tíì sanwó ẹ̀ títí wàá fi gbọ́ ọ jáde nínú sípíkà.