Aró Ara Agbe

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní Ṣómólú níbí, ẹ jẹ́ ká tètè yẹ ìyẹ́ ẹyẹ agbe wò kí wọ́n tó mú iná lọ.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: agbe ló laró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn. Ó dáa. Agbe ò ní ẹ̀kán aró kan ṣoṣo lára!

Ìyẹ́ agbe rèé. Ìyá mi àgbà tó ń ta adìrẹ n'Ísàlẹ̀ Èkó ló tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí aṣọ. Ẹyẹ ńlá ni o, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 75. Orí igi gíga nínú igbó kìjikìji ló ń gbé, èso àti ewé ló ń jẹ, ẹsẹ̀ ló sì fi ń sáré lórí ẹ̀ka ju kó fò lọ.

Ó yá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ibí yìí lẹ ti máa ń ṣì í ṣe! Ẹ̀ ń tanná sójú ìyẹ́. Rárá! Ẹ̀YÌN ÌYẸ́ NI INÁ MÁA WÀ. Kí ìyẹ́ wà láàárín iná àti ojú yín. Ẹ wò ó… búlúù dà? Ó ti dà bí ewé gbígbẹ. Mo gbé iná padà síwájú, búlúù dé.

Àwọn ihò wíńníwínní ló wà nínú ìyẹ́ yìí, ojú lásán ò lè rí wọn. Tí ìmọ́lẹ̀ bá bà wọ́n, búlúù ni wọ́n ń dá padà sójú wa. Ṣé ẹ ti rí omi tó dárogún ní gáréèjì Ojúẹlẹ́gbà lẹ́yìn òjò, tí epo ọkọ̀ kán sí i? Àwọ̀ òṣùmàrè á máa yí lójú ẹ̀. Ta ló da aró síbẹ̀? Kò sẹ́ni! Epo fẹ́lẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ni. Mo máa ń dúró wò ó kí n tó wọkọ̀, ó dùn mọ́ mi gan-an ni.

Àlùkò wá ńkọ́? Háà, osùn tiẹ̀ dájú! Pupa tó ń hàn níyẹ̀ẹ́ apá rẹ̀ tó bá ń fò, bàbà wà nínú ẹ̀, bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná. Ọdún 1869 ni Church, onímọ̀ kẹ́míkà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé lórí àwọ̀ náà, tó pè é ní turacin. Ẹ rẹ ìyẹ́ pupa yẹn sínú omi eérú táwọn aláró ń lò, pupa á bọ́ sómi. Ẹ rẹ ti agbe mọ́jú, búlúù ò ní bọ́.

Ẹ wá ìyẹ́ búlúù tó já sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ má fa ti ara ẹyẹ o. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Níbo? Ẹ̀YÌN!