Ìdá Mélòó Ni Ẹ̀bi Ẹlẹ́sẹ̀? Bí Kóòtù Ìlú Ọba Ṣe Ń Pín Ẹ̀bi Nígbà Tí Mọ́tò Bá Gbá Ènìyàn

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu awakọ̀ tó gbá ènìyàn ni pé, "Ó kàn já sójú títì ni." Ilé iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ á gba ọ̀rọ̀ náà mú, wọ́n á kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa tó ń gbé Ìlú Ọba, tí wọ́n bá ti ka lẹ́tà yẹn, wọ́n á gbà pé ó parí. Kò tíì parí. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ ni pé ẹlẹ́sẹ̀ kò wo ọ̀nà dáadáa, ìdajì ọ̀rọ̀ ṣì nìyẹn.

Láyé àtijọ́, òfin le gan-an: bí ẹni tí wọ́n gbá bá jẹ̀bi bíńtín, kò ní gba kọ́bọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1945 ló fòpin sí i, tó sì jẹ́ kí wọ́n lè máa pín ẹ̀bi. Láti ìgbà náà, adájọ́ á kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ awakọ̀ wò. Ṣé ó ń wo iwájú? Ṣé eré tó ń sá bá ọ̀nà àti ojú ọjọ́ mu? Ṣé ó yẹ kó ti retí pé ènìyàn lè bọ́ sójú títì níbẹ̀? Bí kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ẹlẹ́sẹ̀ kò ní rí nǹkan gbà. Bó bá ṣàṣìṣe, ìgbà náà ni wọ́n á tó wo ti ẹlẹ́sẹ̀, tí wọ́n á sì yọ ìdá tirẹ̀ kúrò nínú owó gbà-má-bínú.

Ẹni tó pẹjọ́ ló máa mú ẹ̀rí wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà kò ní láti lágbára tó ti ẹjọ́ ọ̀daràn. Bó bá ti jọ òótọ́ ju irọ́ lọ, ó tó. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́pàá fi lè má fi ẹ̀sùn kan awakọ̀ rárá, kí adájọ́ sì tún ní kí wọ́n sanwó.

Òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n fi ń pín ẹ̀bi: bí àṣìṣe oníkálukú ṣe burú tó, àti bó ṣe lágbára tó láti pa ènìyàn lára. Ẹ jẹ́ ká fi ẹjọ́ kan wò ó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní 2004, ní Scotland, ọmọbìnrin ọdún 13 bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Ilẹ̀ ti ń ṣú, bọ́ọ̀sì náà sì tan iná ìkìlọ̀. Ọmọ náà gba ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì bọ́ sójú títì, mọ́tò tó ń bọ̀ láti òdìkejì sì gbá a. Awakọ̀ náà ń sá nǹkan bíi máìlì 50 ní wákàtí kan. Ó rí bọ́ọ̀sì náà, kò dẹ eré, kò sì rò ó pé ọmọdé lè jáde níbẹ̀.

Adájọ́ àkọ́kọ́ di ìdá 90 nínú 100 ẹ̀bi ru ọmọ náà. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sọ ọ́ di 70. Ní 2015, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ọ́ di 50. Adájọ́ mẹ́ta fara mọ́ ọn, méjì kò fara mọ́ ọn. Mílíọ̀nù 2.25 pọ́n-ùn ni odidi owó tí wọ́n ṣírò. Ìyẹn ni pé ohun tí ọmọ náà máa gbà kúrò ní 225,000, ó di 675,000, ó tún di 1,125,000, ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ kò sì yí padà. Ẹni tó bá gba ìdá àkọ́kọ́ tí adójútòfò fi lọ̀ ọ́ láìjà, ẹ rí ohun tó lè pàdánù.

Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá awakọ̀ ì bá ti dúró? Ẹ wo ibi tí mọ́tò ti bàjẹ́. Bí ẹlẹ́sẹ̀ bá sọdá láti apá òsì awakọ̀, tó sì jẹ́ igun ọ̀tún iwájú mọ́tò ló gbá a, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tán nìyẹn. Ká ní ó ti rin mítà 3. Àgbàlagbà ń rin nǹkan bíi mítà 1.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ó ti lo ìṣẹ́jú àáyá méjì lé díẹ̀ lójú títì. Mọ́tò tó ń sá máìlì 30 ní wákàtí á ti rin bíi mítà 28 láàárín àkókò yẹn. Mítà 23 sì ni Highway Code, ìyẹn ìwé ìlànà ojú pópó Ìlú Ọba, sọ pé ó tó fún un láti dúró pátápátá: 9 fún ríronú, 14 fún bíréèkì. Awakọ̀ yẹn ní àyè. Ṣùgbọ́n ọmọdé tó sáré jáde láàárín mọ́tò méjì tí wọ́n gúnlẹ̀, tó ń sá mítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan tó fi dé ibẹ̀. Mọ́tò rin mítà 10 péré. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan bíréèkì ni. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ le fún ẹlẹ́sẹ̀ gan-an, àfi bí ohun kan bá wà níbẹ̀ tó yẹ kó ti kìlọ̀ fún awakọ̀, bíi ilé ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Ọ̀kan wà tó kan àwa tí a ti ilé wá. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti ń wa mọ́tò lápá ọ̀tún. Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn, òsì lojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ tó bá fẹ́ sọdá; ní London, ọ̀tún ni mọ́tò tó sún mọ́ ọn jù ti ń bọ̀. Kóòtù kò ní torí pé ènìyàn jẹ́ àlejò fojú fo èyí. Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀ràn láti sọdá níbi tí kò sí zebra, yàtọ̀ sí àwọn ọ̀nà bíi motorway. Láti oṣù kìíní 2022 pẹ̀lú, Highway Code ní kí awakọ̀ tó fẹ́ yà dúró fún ẹni tó ń dúró láti sọdá ọ̀nà tó fẹ́ yà sí. Awakọ̀ tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́yà lè fi ṣe ẹ̀rí ní kóòtù.

Ẹ̀rí kì í pẹ́ bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù kì í tọ́jú àwòrán ju nǹkan bí oṣù kan lọ, nítorí náà ẹ kọ̀wé béèrè rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ya àwòrán ipa táyà lórí títì, iná òpó tí kò tàn, àti ẹ̀ka igi tó dí ọ̀nà. Ẹ má fọ aṣọ àti bàtà ọjọ́ náà. Ní ọsibítù, ẹ má méfò nípa bí ó ṣe ṣẹlẹ̀: nọ́ọ̀sì á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì kà á jáde ní kóòtù lẹ́yìn ọdún méjì. Ní ti "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má bínú" tó máa ń bọ́ lẹ́nu wa, ẹ fọkàn balẹ̀: ní England àti Wales, òfin 2006 sọ pé títọrọ àforíjì nìkan kò túmọ̀ sí pé ènìyàn gbà pé òun jẹ̀bi.

Bí awakọ̀ bá sá lọ, tàbí tí kò ní adójútòfò, àjọ MIB (Motor Insurers' Bureau, àjọ àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò mọ́tò) ló ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lóhùn; ẹ fi tó ọlọ́pàá létí kíákíá. Ọdún mẹ́ta ni àyè tó wà láti pẹjọ́. Ti ọmọdé kì í bẹ̀rẹ̀ sí í kà nígbà tó ṣì kéré: ní England àti Wales, ọjọ́ tó bá pé ọdún 21 ni àyè náà máa parí, ní Scotland, ọjọ́ tó bá pé 19.