Ife Méjì, Ìgò Kan: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Wọn Ọpọlọ Èèyàn?

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Ẹ̀yìnkùlé wa nìyí, ní Lágeré, Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ tó jókòó sórí àpótí yẹn, ọmọ alábàágbé wa ni, ọmọ ọdún márùn-ún. Ife méjì ló wà níwájú rẹ̀, omi inú wọn dọ́gba. Mo bi í pé, "Èwo ni omi ẹ̀ pọ̀ jù?" Ó ní wọ́n dọ́gba. Ó yá, ẹ wo ọwọ́ mi. Mo da omi inú ife kan sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ yìí. Mo tún bi í. Kíá, ó na ìka sí ìgò: "Tibí ló pọ̀ jù!"

Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Tiyín náà á sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Jean Piaget, tí wọ́n bí ní 1896, ló sọ irú eré yìí di iṣẹ́ ìwádìí. Ó rí i pé ọmọ tí kò tíì tó nǹkan bí ọdún méje ojú ló fi ń wọn nǹkan: èyí tó bá ga lójú rẹ̀ náà ló pọ̀. Tó bá dàgbà díẹ̀ sí i, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ fún yín pé, "Ṣebí omi yẹn náà ni, ẹ ò bù kún un." Piaget ní ìpele ìpele ni ìrònú ọmọdé ń gùn bọ̀, ìpele kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe ń wo ayé.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí èmi ní. Nílé tiwa, bí àgbà bá bi ọmọ ní nǹkan, tọ́mọ dáhùn, tí àgbà tún bi í ní nǹkan kan náà, kí lọmọ máa rò? Á rò pé òun ti ṣì í. Á yáa yí i padà kó tó di pé ìfọ́tí dé. Ní àárín àwọn ọdún 1970, James McGarrigle àti Margaret Donaldson ní Scotland ronú kan nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n to nǹkan sí ìlà méjì tó dọ́gba, wọ́n wá mú béárì tí wọ́n fi aṣọ rán, irú èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré, wọ́n jẹ́ kó dà bíi pé ìjàngbọ̀n rẹ̀ ló tú ìlà kan ká. Wọ́n bi àwọn ọmọ bóyá ìlà méjèèjì ṣì dọ́gba. Àwọn tó gbà á pọ̀ gan-an ju ìgbà tó jẹ́ pé àgbà ló fọwọ́ ara rẹ̀ tú u. Ọmọ kan náà, ọpọlọ kan náà. Bí wọ́n ṣe bi í ló yàtọ̀.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbà náà, tiwọn ló sì dùn mí jù. Fún ọjọ́ pípẹ́, ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ ni pé ọpọlọ èèyàn máa ń gòkè dé bí ogún ọdún ó lé díẹ̀, ó sì parí, ìsàlẹ̀ ló kù. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Wọ́n á kó ọ̀dọ́ ogún ọdún àti àgbà àádọ́rin ọdún jọ lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á fún wọn ní ìwé ìdánwò kan náà. Àgbà á gbẹ́yìn. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ orí ló jẹ ọpọlọ rẹ̀.

Ẹ gbé e wá sí Ifẹ̀ wò. Jánúárì 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹni tó ti ń já kòkó lóko bàbá rẹ̀ kí ọdún yẹn tó dé lè máà di sílétì mú rí láyé rẹ̀. Tí ẹ bá wá fi pẹ́ńsù lé bàbá yẹn lọ́wọ́ ní 1975, ní ẹ̀gbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, kí lẹ wọ̀n? Ilé ìwé lẹ wọ̀n. Ọjọ́ orí ò tíì dá sí i.

Ó ṣe wẹ́kú pé ọdún kan péré lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wa, ní 1956, K. Warner Schaie, onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ ní Seattle, ní Amẹ́ríkà. Ó dán àwọn èèyàn wò, ó sì ń padà sọ́dọ̀ àwọn kan náà yẹn ní ọdún méje méje, fún ọ̀pọ̀ ọdún; ó tún ń mú àwọn tuntun kún wọn. Báyìí ló ṣe fi ẹnì kan wé ara rẹ̀ àtijọ́, dípò ọmọ ọmọ rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó dán wò ò dín kù gúnmọ́ títí àwọn èèyàn fi sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ìlò ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ń lọ sókè ní àárín ọjọ́ orí. Àmọ́ o, yíyára òye ń dín kù láti ìgbà ọ̀dọ́ wá. Kí n má parọ́ fún yín, lẹ́yìn àádọ́rin, ìyẹn tó kù náà ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní 2015, olùwádìí méjì, Joshua Hartshorne àti Laura Germine, lo íntánẹ́ẹ̀tì láti dán èèyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50,000 wò. Yíyára òye dé góńgó ní ọdún kejìdínlógún sí ìkọkàndínlógún. Fífi ojú èèyàn mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ di ogójì sí àádọ́ta ọdún kó tó gbó. Mímọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ó di bí ẹni ń sún mọ́ àádọ́rin. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: ọ̀rọ̀ gan-an ni àkísà ọ̀hún.

Ẹ lọ bá ìyá aláṣọ kan ní ọjà Odò-Ògbè. Tí owó bá wọ fóònù rẹ̀, á ní kí ọmọ rẹ̀ wá bá òun wò ó. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa ná an lọ. Ìwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ fi fọwọ́ kan aṣọ náà lẹ́ẹ̀kejì, ó ti mọ iye tẹ́ ẹ máa san.

Ìlú wa náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó ti di OAU báyìí, lọ sí ilé ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìyókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n wá kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn tí wọ́n fi wé wọn bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé ló ṣe dáadáa jù, wọn ò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Tí ẹ bá bi ọmọ ní ìṣirò ní èdè tí kò gbọ́, ìdánwò èdè lẹ ṣe fún un. Síbẹ̀, àwa òbí la ṣì ń na ọmọ torí pé ó sọ Yorùbá nínú ilé!

Ní Ìbàdàn náà, ní 1992, àwọn oníṣègùn ibẹ̀ àti àwọn ti Indianapolis, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn tí ń jẹ ìrántí láàárín àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè, ní àdúgbò Ìdíkàn. Wọn ò lè ní kí màmá tí kò kàwé kọ gbólóhùn sílẹ̀. Wọ́n bi í ní ohun tó lè mọ̀, wọ́n sì bi àwọn ará ilé rẹ̀: ṣé màmá ṣì ń rántí nǹkan, ṣé iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ò tíì dà á láàmú? Nínú èsì tó jáde ní 2001, bí 11 tàbí 12 nínú ẹgbẹ̀rún ni àìsàn Alzheimer ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn; láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ó tó 25. Àìsàn ni o. Ẹni tó bá rí ìyá àgbà tó ń ṣi ọ̀nà ilé, kó gbé e lọ sọ́sibítù, kó má sọ pé àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́.

Ó dáa, ó ti ń sú ọmọ wa. Mo mọ̀ pé ọmọ kan kì í ṣe ìwádìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan sí i. Mo to ọmọ ayò mẹ́fà mẹ́fà sí ìlà méjì. Ó ní wọ́n dọ́gba. Àbúrò rẹ̀ rèé, tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. Ẹ jẹ́ kó kọjá... ó ti tú ìlà kan ká, a dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n, èwo ló pọ̀ jù báyìí?

"Ṣebí ọmọ ayò yẹn náà ni. Òun ló tú u. Ẹ nà án."