Bàbá Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Kì Í Tètè Dì: Ṣé Kó Má Bímọ Ni?

Ní Èkó ńbí, bí ọmọ bá mú àfẹ́sọ́nà wálé, kò ní pẹ́ tí ìyá á fi béèrè jẹ́nótáìpù. Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò yẹn kò lè fi haemophilia hàn, àìsàn àbímọ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ẹni tó jẹ́ AA lè ní in.

Èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ni kò tó, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní factor 8 tàbí factor 9. Ti factor 8 ló wọ́pọ̀ jù, síbẹ̀ nínú 5,000 ọmọkùnrin, bí ẹnì kan ló ń ní in. Ọjọ́ tí wọ́n dábẹ́ fún ọmọ ni ọ̀pọ̀ ìyá kọ́kọ́ ń mọ̀: ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò dá. Tó bá yá, orúnkún á máa wú, torí inú oríkèé ni ẹ̀jẹ̀ ń dà sí.

Ọmọ yìí á dàgbà, á fẹ́ gbéyàwó. Ẹbí á ní kó má bímọ, kó má baà bí ọmọkùnrin tó máa jìyà bíi tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa.

Nínú ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí ni èyí tí wọ́n ń pè ní X àti Y wà, àwọn ló ń sọ bóyá ọmọ á jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ọkùnrin ní X kan àti Y kan. X méjì ni obìnrin ní. Orí X ni àléébù yìí wà. Y ni bàbá ń fún ọmọkùnrin. Nítorí náà, bí ìyàwó kò bá ní àléébù náà lára, àwọn ọmọkùnrin wọn bọ́. Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Gbogbo wọn ló máa gbà á, torí X kan ṣoṣo ni bàbá ní láti fún wọn. Bí àwọn náà bá wá lóyún ọmọkùnrin, ìdajì-ìdajì ni: ó lè ní in, ó lè má ní in.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ló ń ká mi lára jù. Nǹkan oṣù wọn lè pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà lẹ́yìn ìbímọ, a ó ní bí obìnrin ṣe ń rí nìyẹn. Rárá o! Kí wọ́n yẹ factor wọn wò kí wọ́n tó lóyún. Kí ẹni tó máa gbẹ̀bí wọn mọ̀, kó má fi ẹ̀rọ fa orí ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ inú okùn ìwọ́ ni wọ́n á fi yẹ ọmọkùnrin wò. Kí ẹnikẹ́ni má dábẹ́ fún un kí èsì tó dé, ọjọ́ kẹjọ ìbáà pé.

Owó náà ńkọ́? Abẹ́rẹ́ factor wọ́n gan-an. Ó yẹ kí tọkọtaya fi èyí sínú ìpinnu wọn, yálà wọ́n fẹ́ bí, tàbí wọ́n fẹ́ gba ọmọ tọ́.

LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, ní àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀. Ẹ jọ lọ, tọkọtaya. Kí ẹ tó lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ màmá yín bóyá àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin kan wà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá. Ohun tí dókítà á kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.