Owó Orí Ló Lé Wọn Kúrò Nílé: Kétu, Ìmẹ̀kọ àti Ààlà Ọdún 1889

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ owó orí ni wọ́n ní kí n wá sọ, pàápàá bó ṣe ń ṣí ènìyàn nípò nígbà ìjọba amúnisìn. Wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa pé ìjọba ń gba owó orí láti fi la ọ̀nà, kí ó sì fi san owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀. Irọ́ kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Bí o bá sọ fún àgbẹ̀ tí oúnjẹ rẹ̀ wà lóko, tí omi rẹ̀ wà lódò, pé kí ó mú owó fàdákà wá kí ọdún tó parí, o ti lé e jáde kúrò lóko rẹ̀ nìyẹn. Yóò wá ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ fún, tàbí kí ó máa gbin ohun tí òyìnbó ń rà.

Níbòmíràn wọn kò tilẹ̀ fi bò. Ní gúúsù Áfíríkà, òfin Glen Grey ti ọdún 1894, tí Cecil Rhodes, olórí ìjọba Cape nígbà náà, ṣe agbátẹrù rẹ̀, bu ṣílè 10 lé ọkùnrin tí kò bá jáde lọ ṣe iṣẹ́ olówó oṣù láàárín ọdún. Ní Kenya, owó orí ilé ló ti ọkùnrin wọ oko àwọn òyìnbó. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ rìn jìnnà. Nílé wa níhìn-ín, láàárín àwọn Yorùbá ìwọ̀ oòrùn, ohun kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ dáadáa.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, wọ́n fa ìlà láti etí òkun lọ sókè. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní Kétu. Ìlà náà gba àárín ilẹ̀ Alákétu kọjá: Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tí ń sin Alákétu bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Ìfọ̀nyìn, ẹ̀yà Yorùbá mìíràn níbẹ̀, náà pín sí méjì. Ẹni tó ní oko lápá kan tí àna rẹ̀ sì wà lápá kejì wá di ará ilẹ̀ òkèèrè sí àna rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí ipò tí Kétu wà nígbà náà. Ní 1886 ni ogun Dàhòmì, ìjọba aládùúgbò wọn, fọ́ ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Abomey, olú ìlú Dàhòmì. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhòmì, tí ọba náà sì juwọ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1894, àwọn tó kù nínú ìgbèkùn padà wálé, wọ́n tún ìlú tẹ̀ dó, Alákétu sì gorí ìtẹ́. Nítorí náà, ọwọ́ méjèèjì ni ará Kétu fi gba Faransé. Ìdí nìyí tí ohun tó tẹ̀ lé e fi dùn wọ́n dé egungun.

Ní 1899 ni ìjọba Faransé gbé owó orí kalẹ̀ ní Dàhòmì (Benin òde òní), ilẹ̀ àmúsìn tí Kétu wà nínú rẹ̀. Owó orí lóòótọ́ ni, nítorí orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà. Kì í ṣe baálé ilé nìkan ló ń san án. Ìyàwó ń san, ìyá àgbà ń san, ọmọ tó ti ń gòkè àgbà náà ń san. Ẹ fojú inú wo agbo ilé kan: bàbá, ìyàwó méjì, ìyá bàbá, ọmọ mẹ́ta tó ti tó kà. Orí méje nìyẹn, ọdọọdún, bóyá àgbàdo ṣe dáadáa o, bóyá ọ̀dá dá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní àwọn kò gba owó ẹyọ mọ́, owó Faransé ni kí wọ́n mú wá. Owó ẹyọ tí ìyá àgbà ti kó jọ sínú ìkòkò láti ọjọ́ pípẹ́ kò lè san owó orí ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ ru ẹrù yìí. Àwọn ló ń pa ẹ̀kùrọ́, àwọn ló ń po epo, àwọn ló ń rù ú lọ sọ́jà níbi tí àwọn oníṣòwò òyìnbó ti ń ra ọjà.

Bí ìjọba bá sì ka iye orí tó wà ní ìlú kan, iye yẹn ni baálẹ̀ gbọ́dọ̀ kó wá. Bí kò bá pé, òun ni wọn yóò mú. Òfin kan wà tí Faransé ń pè ní indigénat, tó fún ọ̀gá òyìnbó àgbègbè ní agbára láti ju ọmọ ìbílẹ̀ sẹ́wọ̀n títí dé ọjọ́ 15 láìgbé e dé ilé ẹjọ́. Ẹni tí kò san owó orí lásìkò, ẹni tí kò kí òyìnbó bó ṣe yẹ, ẹ̀wọ̀n kan náà ni. Yàtọ̀ sí èyí, iṣẹ́ túláàsì wà: ọ̀nà líla, ẹrù rírù, igi gígé fún ọkọ̀ ojú irin. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu ní 1900, tó dé Ṣábẹ ní 1911, apá àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ló gbé e débẹ̀.

Ní Kétu fúnra rẹ̀, ọjọ́ ogbó ti dé sí Alákétu, Faransé bá gbé agbára fún ọ̀kan nínú àwọn olorì rẹ̀, Àlàbá Ìdá, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọbabìnrin Ìdá. Láti nǹkan bí 1911 sí 1917, òun ló ń gbowó orí, òun ló ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin fún wọn. Àwọn ará ìlú kórìíra rẹ̀ gidigidi. Èmi kò rò pé ó tọ́ ká di gbogbo ẹ̀bi rù ú. Ẹni tí òyìnbó bá fi sípò láti máa gbowó, yóò gbowó ni, tàbí kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí Alákétu náà wàjà ní 1918, Faransé sọ oyè ńlá yẹn di olórí kántọ́ọ̀nù lásán, ìyẹn olórí àgbègbè kékeré lábẹ́ òyìnbó.

Ẹ wá wo òdìkejì ìlà. Ní apá Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà tí wọ́n ti fa ààlà títí di 1916, kò sí owó orí rárá láàárín àwọn Yorùbá. Owó ibodè àti owó ọjà tó ń wọlé látòkèèrè ni ìjọba ń jẹ. Ojú irin Èkó ti dé Ìbàdàn ní nǹkan bí 1900. Ní Agége, ní Ọ̀tà, ní Ifọ̀, kòkó ti ń so. Àwọn ọlọ́ko ńlá, irú Jacob Kẹ́hìndé Coker ní Ìfàkò lẹ́bàá Agége, ń wá alágbàṣe, wọ́n sì ń san owó ṣílè fún wọn. Kò sí ohun tí ará Kétu, ará Ọ̀họ̀rí àti ará Sákétẹ́, tí wọ́n wà lápá Faransé, ní láti rò pẹ́. Bí wọ́n bá kó àgbàdo tán, àwọn ọkùnrin á gbé àdá àti ọkọ́, wọ́n á gba ọ̀nà igbó sọdá, wọ́n á ṣe àgbàṣe títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí, wọ́n á sì mú ṣílè padà wálé lọ ṣẹ́ sí owó Faransé fún owó orí. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: owó orí Faransé ló ń pèsè òṣìṣẹ́ fún oko kòkó tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn kan wà tí wọn kò padà mọ́. Ìdílé á kó kúrò lóru pẹ̀lú ewúrẹ́, adìẹ àti èèlò oúnjẹ, wọ́n á dé Ìmẹ̀kọ, wọ́n á wá ìbátan wọn lọ. Kò sí ẹni tó lè pè wọ́n ní àlejò, nítorí orílẹ̀ kan náà ni wọ́n ń kì. Ibi tí agbára wọn wà nìyí. Ìlà tí wọ́n fà láti fi pín wọn ni wọ́n fi ń sá fún ẹni tó fà á.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló wá sọ ìrìn yìí di àkúnya. Láti 1912 ni òfin ti fún Faransé láàyè láti fi túláàsì mú ènìyàn wọ iṣẹ́ ológun. Nígbà tí ogun bẹ́ ní 1914, wọ́n ń fi iye ọmọkùnrin lé ìlú lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń fi iye owó lé e. Àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀. Inú àbàtà Kúmì ni ilé wọn wà, amọ̀ dúdú tó jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀, ẹṣin kò lè gbà á kọjá. Láàárín 1914 sí 1916 ni wọ́n fi bá Faransé jà níbẹ̀, Faransé jó abúlé wọn níná, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sọdá. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ibòmíràn tí kò jà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi fèsì.

Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe áńgẹ́lì o. Lugard, gómìnà àgbà Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ owó orí káàkiri Nàìjíríà, ó sì rí i gbà. Ní 1916, lábẹ́ ajẹ́lẹ̀ Ross, ó dé agbègbè Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn àti Òkèhò sì dìde lọ́dún yẹn kan náà. Ní 1918 ó dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá: ṣílè 5 fún ọkùnrin, sísì márùn-ún (ṣílè méjì ààbọ̀) fún obìnrin. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni Ogun Adúbí bẹ́. Àwọn Ẹ̀gbá hú ojú irin, wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà, àwọn sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Ìlà Oòrùn Áfíríkà dé ni Gẹ̀ẹ́sì sì fi pa ogun náà rẹ́. Owó orí obìnrin yẹn kò sì kúrò ní Abẹ́òkúta títí ó fi di ìjà ńlá tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jà ní 1947 sí 1948.

Kí ló dé, nígbà náà, tí àwọn ará Kétu kò fi padà sílé nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó orí? Wọ́n wò ó, wọ́n ṣírò rẹ̀. Ní apá Gẹ̀ẹ́sì, ọba ìlú ló ń gbowó náà, apá kan sì ń wọ àpò ìṣúra ìbílẹ̀. Faransé ní tirẹ̀, òfin tó ṣe ní 1919 sọ iṣẹ́ ológun di túláàsì pátápátá, ogun ì báà wà, ì báà má wà. Owó lásán kọ́ ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n. Ọmọ wọn ni wọ́n rò.

Mo fẹ́ yà díẹ̀. Àwọn kan máa ń da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ ìrìn àjò àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí àti Èjìgbò sí Gold Coast àti Ivory Coast. Ìyẹn yàtọ̀. Owó orí lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n òwò ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde.

Nígbà tí mo sọ èyí tán, arákùnrin kan nínú ìjókòó béèrè pé, bí apá Faransé bá burú tó bẹ́ẹ̀, kí ló mú àwọn tó kù dúró? Ìbéèrè gidi ni. Ojú oórì bàbá wọn wà níbẹ̀. Òrìṣà ilé wà níbẹ̀. Ọ̀pẹ tí wọ́n ń kọ wà níbẹ̀. Ìyá àgbà kò lè rin igbó lóru. Ìyà wọn sì ń pọ̀ sí i bí àwọn yòókù ṣe ń lọ, nítorí orúkọ ẹni tó sá kì í tètè kúrò nínú ìwé owó orí. Àwọn tó dúró ló ń san tiwọn, ló sì ń san ti ẹni tó lọ. Bí kò bá sí, wọ́n á lọ yáwó, wọ́n á fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà lóko olówó títí gbèsè yóò fi tán. Ẹ má ṣe jẹ́ ká máa yin àwọn tó sá nìkan.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1946, òfin tí Félix Houphouët-Boigny, aṣojú Ivory Coast, gbé lọ sí ilé aṣòfin ní Paris fòpin sí iṣẹ́ túláàsì, indigénat náà sì kógbá wọlé lọ́dún yẹn. Owó orí kò lọ. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, àwọn tó ti sọdá ti kọ́lé sí Ìmẹ̀kọ àti agbègbè Ìlaròó, wọ́n ti bí ọmọ, àwọn ọmọ náà ti bí ọmọ. Onímẹ̀kọ tó ń sin Alákétu nígbà kan ti di ẹni ńlá lójú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn tó wá láti Kétu sì wà lára àwọn tó sọ ìlú rẹ̀ di ńlá.